Karl Landsteiner, Ẹni tí ó Mọ Ẹ̀jẹ̀ Yàtọ̀

Ní ayé àtijọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dà púpọ̀ jù lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Òyìnbó a máa gbìyànjú láti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ara irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́ ni. Aláìsàn kan a jí, a sì béèrè oúnjẹ. Òmíràn, kí ẹ̀jẹ̀ náà tó wọ ara rẹ̀ tán, òtútù a mú un, ẹ̀yìn a máa ro ó, ìtọ̀ rẹ̀ a dú bí èédú, a sì kú. Kò sí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀.

Karl Landsteiner ni ó wá ìdí náà rí. Ilẹ̀ Austria ni a bí i sí ní ọdún 1868. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí baba rẹ̀, tí í ṣe akọ̀wé ìròyìn, kú. Ìyá rẹ̀ ni ó tọ́ ọ dàgbà ní Vienna. Ó di oníṣègùn ní 1891.

Ní 1901 ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ti gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó jẹ́ kí ó silẹ̀ títí omi rẹ̀ fi yà kúrò lára pupa rẹ̀, ó sì ń po omi ti ẹnì kan mọ́ pupa ti ẹlòmíràn. Àwọn kan pò pọ̀ dáadáa. Àwọn mìíràn sù ní kókó-kókó bí àmàlà tí a kò rò dáadáa. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti rò pé àìsàn ni ó ń fa kókó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara àwọn wọ̀nyí le. Landsteiner rí i pé oríṣi ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta ni ó wà: A, B, àti èyí tí a wá ń pè ní O. Àwọn ẹlòmíràn rí AB ní 1902. Bí a bá fún ẹlẹ́jẹ̀ A ní ẹ̀jẹ̀ B, ohun ìjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a gbógun ti àlejò náà, a fọ́ ọ, ohun pupa inú rẹ̀ a tú jáde, a sì ba kíndìnrín jẹ́. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ dúdú nì ti ń wá.

Ó yani lẹ́nu pé àwọn oníṣègùn kò tètè kọbi ara sí i. Ó di 1907 kí Reuben Ottenberg ní New York tó bẹ̀rẹ̀ sí dán ẹ̀jẹ̀ wò kí ó tó fà á sí ara aláìsàn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìyà jẹ Vienna púpọ̀. Landsteiner kọjá sí Holland, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí New York. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1930. Ní 1940, nígbà tí ó ti fẹ̀yìntì, òun àti Alexander Wiener tún fi ìyàtọ̀ mìíràn hàn nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń pè ní Rh. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni ó wà ní oṣù June, ọdún 1943, nígbà tí àrùn ọkàn kọlù ú. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó kú.