Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Kò sí ẹni tí ó mọ ìlú Ọ̀tà àti Ṣàngó dáadáa tí kò mọ ìṣòro àlejò. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti pọ̀ níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti oríṣìíríṣìí ìlú láti wá iṣẹ́. Ohun tí olúkúlùkù wọn kọ́kọ́ ń béèrè, bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ni ibi tí yóò sùn. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ bá ń ṣe ìpàdé níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Bí kò bá sì ní ẹnìkan, ojú rẹ̀ a rí tó. Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà Ṣàngó yìí lọ, tí ó kọjá Ìfọ̀, tí kò sì yà sí ibì kan, yóò dé Abẹ́òkúta. Ní ìlú náà ni a bí ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ àlejò jẹ lógún ju ọrọ̀ lọ. Kì í ṣe àlejò ilé ni ó ro ọ̀ràn wọn, bí kò ṣe àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n wá ẹ̀kọ́ lọ sí ìlú Òyìnbó. Orúkọ ọkùnrin náà ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́.

Nǹkan bí ọdún 1886 ni a bí i. Ọládípọ̀ Felix ni orúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà tán, ó bọ́ orúkọ Òyìnbó náà sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, kò sí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè ìwé gíga ní láti lọ sí ẹ̀yìn odi. Nítorí náà ni Ládípọ̀ ṣe lọ sí ilẹ̀ Sàró, tí ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní ìlú Freetown. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ìlú púpọ̀ ti ń pàdé ara wọn. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Freetown pẹ̀lú. Ní ọdún 1922, ó tún wọ ọkọ̀ òkun, ó di Lọ́ńdọ̀nù, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà, nítorí ó ti tó ẹni ọdún 36.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Lọ́ńdọ̀nù kò kéré. Púpọ̀ nínú àwọn onílé ibẹ̀ kì í gba ènìyàn dúdú sí ilé wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ a kan ilẹ̀kùn ilé tí ó gbọ́ pé yàrá ṣófo níbẹ̀. Bí onílé bá yọjú tí ó rí àwọ̀ ara rẹ̀, yàrá náà a di èyí tí ẹlòmíràn ti gbà. Owó láti ilé a sì máa pẹ́ kí ó tó dé. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní owó lọ́wọ́; ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ni ó ń kọ́ àwọn ènìyàn kí ó lè rí nǹkan fi sí ẹnu. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kan ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé, ó sì wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀rọ̀ fàájì àti ìbádọ́rẹ̀ẹ́ ká wọn lára ju ọ̀rọ̀ ìlú lọ.

Ní ọdún 1924, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó ní kò tíì pẹ́ tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń jẹ ẹran ara ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí dun Ládípọ̀ wọ egungun. Ó mú gègé, ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn mìíràn láti já irọ́ náà. Ìwé tí ó kọ yìí ni Amy Ashwood Garvey rí, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti erékùṣù Jàmáíkà, ó sì wá a kàn. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 13 dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìlọsíwájú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ládípọ̀ fi oyè Ìyálóde dá obìnrin náà lọ́lá. Ní ọdún yìí kan náà ni ó sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, òun ni a sì gbọ́ pé ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn ọmọ Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, àwọn ọmọ Sàró àti àwọn ọmọ Gáḿbíà ń jẹ irú ìyà kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, abẹ́ ìjọba kan náà ni gbogbo wọn sì wà. Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ilẹ̀ Sàró, wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, ó sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 21 péjọ, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, WASU ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀. Ládípọ̀ ni akọ̀wé àgbà. J. B. Danquah láti Gold Coast wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ẹgbẹ́ náà ró. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tiwọn ní ọdún 1926, Wàsù náà ni wọ́n pè é, orúkọ yìí sì bá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, nítorí iṣẹ́ ìwàásù ni ìwé náà ń ṣe: ó ń wàásù ìṣọ̀kan fún àwọn ọmọ Áfíríkà.

Ohun tí ó gba ọkàn Ládípọ̀ jù lọ ni ilé. Ó rí i pé ẹgbẹ́ tí kò ní ilé kò ní ìdí. Bí ìpàdé bá ti tú, olúkúlùkù a padà sínú ìyà rẹ̀. Ní ọdún 1928, Marcus Garvey, aṣáájú àwọn aláwọ̀ dúdú tí gbogbo ayé mọ̀, yọ̀ǹda ilé kan fún ẹgbẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni wọ́n lè lò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó di dandan kí wọ́n wá owó ilé ti ara wọn.

Níbí yìí ni ọgbọ́n Ládípọ̀ ti hàn. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ gbó. Àwọn tí ó gbọ́n jù nínú rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ lọ, nítorí bí wọ́n bá ti gba oyè wọn tán, ilé ti yá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó sì ti dé ilé, tí ó ti di lọ́yà tàbí dókítà, tí ó ti ní ilé àti ọkọ̀, a tètè gbàgbé yàrá tútù tí ó ti jẹ ìyà. Ládípọ̀ pinnu pé àwọn tí ó ti lọ kò gbọdọ̀ di ẹni àná sí ẹgbẹ́. Ní ọdún 1929, ó wọ ọkọ̀ padà sí Áfíríkà. Fún nǹkan bí ọdún 3 ni ó fi ń lọ láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Sàró, ní Gold Coast àti ní Nàìjíríà. Ó ń wá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ kàn, ó ń bá àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí àwọn tí ó ti kàwé dé àti àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun lè jùmọ̀ máa ran àwọn tí ó kù lọ́wọ́. Àkókò náà kò rọrùn fún ẹni tí ń tọrọ owó. Ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ṣubú ní àwọn ọdún wọ̀nyí, owó kòkó wálẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń ráhùn. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn dá owó. Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wà lára àwọn ọba tí wọ́n di alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà.

Nínú ìrìn àjò yìí ni Ládípọ̀ ti pàdé Ọpẹ́olú Ọbísànyà, tí ó di aya rẹ̀. Ní ọdún 1932, ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta ọdún 1933, ilẹ̀kùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣí ní òpópónà Camden. Ládípọ̀ ni olùtọ́jú ilé, aya rẹ̀ sì ni ìyá ilé. Mama WASU ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó tàbí Akrá kò tún ní láti máa kan ilẹ̀kùn kiri nínú òtútù. Ó mọ ibi tí wọn yóò ti kí i káàbọ̀, tí yóò ti jẹ oúnjẹ ilẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jíròrò lórí ọ̀ràn ìlú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìdánwò dé. Àwọn aláṣẹ tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ òkèèrè ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1934. Aggrey House ni orúkọ rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni ó jọ lójú, ṣùgbọ́n Ládípọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fura pé ẹni tí ó fún ni ní ilé ni yóò máa sọ ohun tí a ó wí nínú rẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti lọ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè ń dà wọ́n láàmú. Àwọn ará ilé ni wọ́n ké sí. Ní àkókò yìí ni àǹfààní ìrìn àjò ọdún 3 náà hàn, nítorí ìrànlọ́wọ́ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilé náà kò sì tì. Nígbà tí ó yá, ìjà náà rọlẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ sì wá ń ran ilé WASU lọ́wọ́. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ní South Villas, ní àdúgbò Camden kan náà.

Ilé yìí di ibi tí àwọn ènìyàn ńlá ń yà sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, nígbà tí ogun Hitler gbóná, Clement Attlee, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mínísítà ìjọba Churchill, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU sọ̀rọ̀, ó sì fi yé wọn pé ìlérí òmìnira tí Churchill àti Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Nígbà tí Churchill wá sọ ọ̀tọ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bàjẹ́. Ní ọdún 1942, wọ́n béèrè pé kí a fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìjọba ara rẹ̀ láàárín ọdún 5 lẹ́yìn ogun. Ní ọdún 1945, Kwame Nkrumah dé láti Amẹ́ríkà, ó sì di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1947, àwọn aṣáájú Gold Coast dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀, wọ́n sì ń wá akọ̀wé. Danquah wà lára àwọn olórí ẹgbẹ́ náà, Nkrumah ni wọ́n sì ránṣẹ́ pè ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ WASU ìṣáájú ni ó pe ọmọ WASU ti ìkẹyìn wálé síbi iṣẹ́.

Ní ọdún 1944, Ládípọ̀ tún gbéra lọ sí Áfíríkà láti tọrọ owó ilé ńlá mìíràn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ títí di ọdún 1948. Nígbà tí ó padà, ó bá àwọn ojú titun. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wà lórí àga ẹgbẹ́ rò pé ìṣe rẹ̀ ti di ti ayé àtijọ́ àti pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó; ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ipò aṣáájú sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dun ni pé ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni pé kí a má gbàgbé àwọn tí ó ti lọ wá di ẹni tí a sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ náà bá ti rántí èyí, wọn ì bá má sọ ọgbọ́n àgbà wọn nù.

Lọ́ńdọ̀nù ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ kú sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958. Ojú rẹ̀ rí òmìnira Gánà ní ọdún 1957, pẹ̀lú Nkrumah ní ipò olórí ìjọba, ṣùgbọ́n kò rí ti Nàìjíríà, tí ó dé ní ọdún 1960. Kò di olówó nínú iṣẹ́ òfin tí ó tìtorí rẹ̀ rékọjá òkun. Bí ó bá fẹ́, òun náà ì bá ti gba oyè rẹ̀ kí ó sì lọ sí ilé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ń bọ̀, ó sì kọ́ àwọn tí ó ti wọlé tí wọ́n sì ti jáde pé ẹni tí ó ti rékọjá odò kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀ dànù, nítorí àwọn àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní òdì kejì.