Marie Neurath: Atúmọ̀ Iye sí Àwòrán àti Iṣẹ́ Rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Yorùbá gbà pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ìdí nìyí tí àwọn baba ńlá wa fi ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Nítorí náà, ìmọ̀ àmì, tí Charles Peirce ará Amẹ́ríkà (1839–1914) wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò ìgbésí ayé Marie Neurath, obìnrin tí ó fi àmì ṣiṣẹ́ fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìhunbọ̀ wà lábẹ́ ìjọba náà. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìtúpalẹ̀ iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà àti fóònù lónìí.

Ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1898 ni a bí i ní ìlú Braunschweig ní ilẹ̀ Jámánì. Reidemeister ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní yunifásítì ìlú Göttingen. Ní ọdún 1924, ó pàdé Otto Neurath ní ìlú Vienna. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Otto dá ilé àfihàn kan sílẹ̀ láti jẹ́ kí mẹ̀kúnnù lóye ètò ọrọ̀ ajé àti ìgbé-ayé àwùjọ. Marie ni ó di atúmọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ atúmọ̀ ni láti gba iye tí àwọn onímọ̀ kó jọ, kí ó yọ kókó inú rẹ̀, kí ó sì pinnu bí yóò ṣe di àwòrán. Gerd Arntz ni ó ń ya àwọn àmì náà. Òfin kan gbòógì ni wọ́n ń tẹ̀ lé: àmì kan dúró fún iye kan pàtó, bí iye bá pọ̀ sí i, a ó fi kún àmì, a kò ní sọ ẹyọ kan di ńlá. Ìdí ni pé ojú tètè ń ka iye, ṣùgbọ́n kì í lè wọn ìtóbi dáadáa. Ní ọdún 1935, Marie sọ ọ̀nà yìí ní Isotype.

Rògbòdìyàn òṣèlú lé wọn kúrò ní Vienna lọ sí The Hague ní ọdún 1934. Nígbà tí ọmọ ogun Jámánì wọ ibẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1940, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni wọ́n fi sá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n há wọn mọ́ gẹ́gẹ́ bí àjèjì kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1941, ṣùgbọ́n Otto kú ní oṣù Kejìlá, ọdún 1945. Marie kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parẹ́.

Ní ọdún 1954, ó wá sí Ìbàdàn. Ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, ó sì ní láti ṣàlàyé ètò náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀wé kà. Lára ìwé pẹlẹbẹ tí ó jáde ni Education for All in the Western Region. Marie rí i pé àmì tí a yà fún ará Vienna kò lè bá Ìbàdàn mu. Wọ́n tún ilé, aṣọ àti ìrísí ènìyàn yà kí ará ibí lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Èyí fi hàn pé àwòrán tí ó jọ nǹkan náà ṣì nílò ojú tí ó mọ ohun tí ó jọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954; wọ́n di 811,000 ní ọdún 1955. Bí àmì ọmọ kan bá dúró fún 100,000, àmì mẹ́rin ààbọ̀ yóò di mẹ́jọ lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni àwòrán náà sọ. Síbẹ̀, àwòrán tí ó ka iye ọmọ tí ó wọlé lè má ka iye olùkọ́ tí ó kúnjú ìwọ̀n láti kọ́ wọn. Ìjọba ni ó gbé iṣẹ́ náà fún Marie. Kò sì yẹ kí olùṣelámèyítọ́ gbàgbé ẹni tí ó bẹ iṣẹ́.

Marie fẹ̀yìn tì ní ọdún 1971, ó sì fi àwọn ìwé àti àwòrán ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ta Yunifásítì Reading lọ́rẹ. Ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986 ni ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní àgúnlẹ̀, àwa ará ààlà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní Ìhunbọ̀, ẹni tí ó fi èdè Faransé kàwé ní Bẹ̀nẹ̀ àti ẹni tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ní Nàìjíríà lè jọ wo àwòrán kan náà lórí fóònù láìsí ògbufọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó yin irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni àmì yìí dúró fún, ojú ta ni a yà á fún, kí sì ni ayàwòrán kò kà?