James Brown, Òǹtẹ̀wé Erékùṣù Man

Nínú òkun tí ó pààlà láàrin Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Erékùṣù Man wà. Bí ó ti kéré tó nì, kò sí lára ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Láti ọdún 1765, tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù ti ra àṣẹ orí rẹ̀ lọ́wọ́ Duke ti Atholl, Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni olórí rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ń bójú tó ààbò rẹ̀ àti ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ rẹ̀, Tynwald, ni ó ń ṣòfin fún un. Ẹni tí yóò bá mọ bí ìjọba ara-ẹni yìí ṣe di ti gbogbo ìlú, kò gbọdọ̀ ṣàì mọ ìtàn James Brown.

Liverpool ni a bí i sí ní ọdún 1815. Àwọn òpìtàn sọ pé ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni baba-ńlá rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ó ń ṣe kí ó tó ṣí lọ sí Man, níbi tí ó ti dá ìwé ìròyìn Isle of Man Times sílẹ̀ ní ọdún 1861.

Ní àkókò náà, ọkùnrin 24 ni ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Keys, tíí ṣe apá kan Tynwald. Ará ìlú kò dìbò yan ọ̀kankan nínú wọn. Bí àyè kan bá ṣí, àwọn fúnra wọn ni ó ń fa ènìyàn méjì kalẹ̀, Gómìnà a sì mú ọ̀kan. Àwọn kan náà ni ó tún ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ní ọdún 1864, Keys kọ òfin tí yóò fi agbára kún ti àwọn alábòójútó ìlú Douglas. Brown bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà wọn nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Wọ́n pè é wá síwájú wọn. Kò tọrọ àforíjì. Wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Castle Rushen. Àwọn tí ó fẹ̀sùn kàn án náà ni ó dá a lẹ́jọ́. Àwa Yorùbá mọ̀ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tí ó dá ẹjọ́ ara rẹ̀?

Brown gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn adájọ́ ní àṣẹ àwọn dé Man láti tú ẹni tí a há mọ́ ẹ̀wọ̀n láìtọ́ sílẹ̀, àti pé bí Keys bá jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣòfin, wọn kò ní agbára láti fi ẹni tí ó tàbùkù wọn sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, Brown gba ìdásílẹ̀. Ó pe Keys lẹ́jọ́, ó sì gba owó ìtanràn tí ó ju 500 pọ́n-ùn lọ.

Ọ̀ràn náà dójú ti àwọn Keys níwájú gbogbo ayé. Gómìnà Henry Loch, ní tirẹ̀, ń fẹ́ kí erékùṣù náà lè ná èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú owó orí ọjà rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù gbà, bí ará ìlú yóò bá máa yan Keys. Òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1866, ó sì gba iṣẹ́ ìdájọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1867 ni a kọ́kọ́ dìbò. Ní ọdún 1881, tí Brown kú, àwọn obìnrin tí ó ní dúkìá náà dìbò.

A kò ní sọ pé òun nìkan ni ó ṣe é. Owó pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó jìyà, Man ń ṣòfin fún ara rẹ̀, ará Man kò sì ní ohùn nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé kí àjèjì má ṣe jọba léni lórí nìkan ni òmìnira. Ó di dandan kí ìlú lè yan ẹni tí ń ṣòfin fún un, kí ó sì lè bá a wí láìbẹ̀rù ẹ̀wọ̀n.