Ẹ̀mú kan já bọ́ sílẹ̀, ó kó bá Haffkine

Ìlú Odessa, tó wà ní Ukraine lónìí, ni wọ́n ti bí Waldemar Haffkine lọ́dún 1860. Júù ni, ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n fún un níṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ilé. Ó forí lé Paris, iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé ló sì kọ́kọ́ rí ṣe nílé ìwádìí Louis Pasteur. Níbẹ̀ ló ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára onígbá méjì. Ara òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gún un sí, lọ́dún 1892. Nígbà tí àrùn burúkú tó ń ti ara eku ran èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ará Bombay ní India lọ́dún 1896, ó tún ṣe abẹ́rẹ́ tirẹ̀, àìmọye èèyàn ló sì gbà á.

Ọjọ́ 30, oṣù kẹwàá, ọdún 1902 ni wàhálà dé, ní abúlé Mulkowal, lágbègbè Punjab. Èèyàn 107 ló gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn 19 tí wọ́n fún látinú ìgò kan náà ni tẹ́tánọ́ọ̀sì mú, tí àgbọ̀n wọn há, tí ara wọn gan bí igi. Gbogbo wọn ló kú. Kò sí ohun tó ṣe àwọn tó gba tinú ìgò yòókù.

Ìjọba òyìnbó ní ilé iṣẹ́ Haffkine ni ìdọ̀tí ti wọ inú ìgò. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ lábúlé ọ̀hún. Ẹ̀mú tí wọ́n fi ṣí ìgò já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ranni lọ́wọ́. Ó kàn rẹ ẹ́ sínú oògùn apakòkòrò fẹ́ẹ́rẹ́, kò fi iná jó o, ó sì fi ṣí ìgò. Inú ilẹ̀, pàápàá níbi tí ìgbẹ́ ẹran bá wà, ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, rírẹ ẹ̀mú wéré bẹ́ẹ̀ kò lè pa á. Àgbẹ̀ tí ìṣó gún lẹ́sẹ̀ rí mọ ohun tí à ń wí. Lónìí, bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ṣe ni yóò pa á tì, tí yóò mú òmíràn.

Ọdún 1907 ni Ronald Ross, ẹni tó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà káàkiri, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Times ní London. Àlàyé Ross ni pé ká ní ìdọ̀tí ti wà nínú ìgò láti Bombay ni, òórùn rẹ̀ ì bá ti fi hàn, dókítà tó ṣí i kò sì gbóòórùn kankan. Ọdún yẹn náà ni ìjọba dá Haffkine láre. Ọdún márùn-ún gbáko ni ẹ̀sùn fi wà lọ́rùn rẹ̀!

Ó padà sí India, àmọ́ Calcutta ni wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe Bombay tó ti jẹ́ ọ̀gá. Lọ́dún 1925 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwádìí tó dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní Lausanne, ní Switzerland, lọ́dún 1930.