Carver àti Ilẹ̀ Tó Ti Ṣá

Bí a bá dárúkọ George Washington Carver láàárín àwa ọmọ ìjọ, ẹ̀pà ló máa ń sọ síni lọ́kàn. Àwọn kan a tilẹ̀ ní òun ló kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà. Kì í ṣe òun. Àwọn ènìyàn ti ń lọ ẹ̀pà jẹ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí i. Èmi tí mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko ní yunifásítì, ohun tó mú mi fẹ́ràn bàbá yìí ni ilẹ̀ tó wò sàn.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí nítòsí ìlú Diamond, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1864. Ta ni yóò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ ẹrú sílẹ̀? Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí àwọn ajínigbé wá gbé òun àti Mary ìyá rẹ̀ lọ. Moses Carver tó ni wọ́n rán ènìyàn tẹ̀ lé wọn. Ọmọ nìkan ni wọ́n rí gbà padà, ẹṣin kan ni wọ́n sì fi pààrọ̀ rẹ̀. Wọn kò rí ìyá rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ara ọmọ náà kò le, kò lè ṣe iṣẹ́ oko tó wúwo. Susan ìyàwó Moses wá kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀ àti aṣọ rírán. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, inú igbó ló máa ń wà. Ó dá ọgbà kékeré kan síbẹ̀ níkọ̀kọ̀, ó ń tọ́jú òdòdó tó ń rọ, títí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní dókítà ewéko. Ó wá ilé-ìwé lọ sí Neosho, ó sì wọ̀ sílé Mariah Watkins, agbẹ̀bí onígbàgbọ́ kan, ẹni tó fún un ní Bíbélì.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kansas kọ̀wé gbà á wọlé. Nígbà tó débẹ̀ tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n lé e. Ó tó ọdún 1890 kí Simpson College ní Iowa tó gbà á, àwòrán yíyà ló sì ń kọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀, Etta Budd, ló rọ̀ ọ́ pé kó lọ kọ́ nípa ewéko ní Ames. Ó gba oyè àkọ́kọ́ lọ́dún 1894, ó gba èkejì lọ́dún 1896. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà oyè àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tí ìyanṣẹ́lódì ti dá dúró nínú wa, kó fọkàn balẹ̀.

Lọ́dún 1896 náà ni Booker T. Washington pè é wá sí Tuskegee ní Alabama, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú. Ohun tó bá níbẹ̀ bani nínú jẹ́. Òwú lọ́dún yìí, òwú ní àmọ́dún, òwú ní èèmíì, títí ilẹ̀ fi ṣá. Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ dúdú kò ní ilẹ̀ tiwọn. Onílẹ̀ ń gba nínú ìkórè wọn, oníṣòwò ń sin wọ́n ní gbèsè, òwú náà ni wọ́n sì fi ń san án. Níbo ni wọn yóò ti rí owó ra ajílẹ̀?

Carver ní kí wọ́n fi òwú sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n gbin ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún. Ẹ fa ẹ̀pà kan tu ní oko èyíkéyìí níhìn-ín ní Àríwá, ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Inú wọn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé, tí wọ́n ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá fún irúgbìn, ilẹ̀ náà á sì rí nínú rẹ̀ jẹ. Ó kọ́ wọn láti kó ewé inú igbó àti ẹrẹ̀ àbàtà jọ kó jẹrà, kó di ajílẹ̀ ọ̀fẹ́. Lọ́dún 1906, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹran ń fà gbé ẹ̀kọ́ yìí lọ bá àgbẹ̀ tí kò lè wá sí ilé-ìwé. Ó tún ń kọ ìwé pẹlẹbẹ fún wọn, ó sì ń kọ́ wọn ní ewé inú igbẹ́ tí a lè jẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àgbà wa ṣe mọ ẹ̀bọ́lọ̀ àti yánrin.

Nígbà tí ẹ̀pà pọ̀ ju ẹni tí yóò rà á lọ ló tó dojú kọ nǹkan bí 300 ohun tí a lè fi ẹ̀pà ṣe. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà lọ́dún 1921.

Arákùnrin kan sọ fún mi pé ayé yìí yóò sáà jóná, kí ni a ń tọ́jú ilẹ̀ fún? Ọmọ àgbẹ̀ tí ebi ń pa ní Alabama kò lè dúró de ọjọ́ yẹn. Carver kò ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára aládùúgbò, èmi náà kò sì rí bí a ṣe lè yà á. Ní ọgbà wa níbí, lọ́jọ́ ìmọ́tótó, ewé dóńgóyárò tí a bá gbá jọ, iná ni a ń ti bọ̀ ọ́, àwa ọmọ ìjọ pàápàá.

Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jí, tí yóò wọ inú igbó lọ gbàdúrà, tí yóò sì máa ṣa ewé bọ̀. Lọ́jọ́ Sunday, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Bíbélì. Lọ́dún 1924, ó sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní New York pé Ọlọ́run ló ń fi iṣẹ́ òun han òun, pé òun kì í mú ìwé wọ yàrá ìwádìí. Ìwé ìròyìn New York Times bẹnu àtẹ́ lù ú pé onímọ̀ kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Ó dá wọn lóhùn, ó ka àwọn ìwé tó ti kà àti ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ fún wọn. Lójú tèmi, òtítọ́ ni méjèèjì: ó gbàdúrà, ó sì kàwé kó tó gbàdúrà náà. Àléébù kan tí mo rí ni pé kò kọ ọ̀nà tó gbà ṣe ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e kò sì rí i tún ṣe.

Kò gbéyàwó. Aṣọ rẹ̀ gbó, ṣùgbọ́n òdòdó kì í wọ́n ní àyà kóòtù rẹ̀. Owó tó fi pamọ́, nǹkan bí 60,000 dọ́là, ó fi sílẹ̀ fún ìwádìí ní Tuskegee. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1943, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Booker T. Washington nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà.