Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, Adájọ́ Àgbà tí a fi ṣe Olórí Ìkànìyàn

Nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fi ẹ̀kọ́ òfin sin ìjọba, díẹ̀ ni ó dé ipò gíga tí Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá dé. Síbẹ̀, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fi ọ̀rọ̀ lélẹ̀ ní gbangba, tí àṣẹ tí ó ju tirẹ̀ lọ sì gbé ọ̀rọ̀ náà ṣubú. Ẹ̀kẹta nínú wọn kan àwa ará etí òkun Ìlàjẹ, nítorí orí wa wà lára orí tí a kà.

Abẹ́òkúta ni a bí i sí, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 1906. Baba rẹ̀ ni Ládàpọ̀ Adémọ́lá, tí ó jẹ Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1920. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's àti King's College ní Èkó, ó rékọjá òkun lọ sí Selwyn College ní Cambridge, a sì gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ní Middle Temple ní 1934. Nígbà tí ó padà dé, ó di agbẹjọ́rò ìjọba ní Èkó. Ó ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Ẹ́núgù fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí lọ́yà. Ní 1939 ó di adájọ́ majísíréètì. Ní ọdún náà ni ó gbé Kòfowórọlá Moore ní ìyàwó, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó gba oyè ẹ̀kọ́ ní Oxford.

Ní 1949 a gbé e ga sí adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọlá baba nìkan ni ó gbé e dé ibẹ̀, kí ó rántí pé ọdún yẹn gan-an ni baba rẹ̀ fi oyè sílẹ̀ nítorí ọ̀tẹ̀ tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá gbé dìde lórí owó-orí, kò sì padà sí ààfin títí di 1950. Ní 1955 ọmọ náà di Adájọ́ Àgbà Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1957 ọba-bìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi í joyè Sir. Ní 1958 ó di Adájọ́ Àgbà gbogbo Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó jókòó lórí àga náà.

Ẹjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ti 1962. Aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́, Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí sì yọ ọ́, ó fi Adégbẹnró rọ́pò rẹ̀. Adémọ́lá àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ tí ó bá a jókòó wí pé ìwé kò tó, inú ilé ìgbìmọ̀ ni ó yẹ kí a ti dìbò. Ní 1963 àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ òpin ẹjọ́ wa nígbà náà, dá ìdájọ́ yìí nù. Àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yára yí òfin padà láti dí ọ̀nà ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù; nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira aláàrẹ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, a kò tún gbé ẹjọ́ rékọjá òkun mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti àwọn ológun. Nínú ẹjọ́ Lakanmi, ní oṣù Kẹrin 1970, ilé-ẹjọ́ rẹ̀ wí pé ìjọba ológun kò lè fi òfin gba dúkìá ẹni tí a dárúkọ, nítorí iṣẹ́ adájọ́ ni èyíinì. Mo kà á sí ìdájọ́ tí ó ní ìgboyà jùlọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìjọba fi gbé òfin No. 28 jáde, tí ó sọ ìdájọ́ náà di asán.

Ó fẹ̀yìntì ní 1972. Ìjọba Gowon kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó fi í ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ìkànìyàn. Ìrònú wọn yé ni: iye orí ni a fi ń pín owó àti àga aṣòfin, nítorí náà olúkúlùkù fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀, ìkà ti 1962 àti ti 1963 sì ti dá ìjà sílẹ̀. Bóyá orúkọ adájọ́ yóò pa iyè-méjì. Láti ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1973 ni a kà, àwọn ọmọ-ogun sì ń bá àwọn akànìyàn kiri.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti wa ọkọ̀ láti Igbókòdá lọ sí àwọn abúlé orí omi mọ̀ bí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rí: ilé dúró lórí òpó, baba ilé wà ní ibùdó apẹja tí ó jìnnà, ìyá rẹ̀ sì lè kà á sí ilé bí ọ̀gá ibùdó ti ń kà á sí ọ̀hún. Alága tí ó jókòó ní Èkó kò lè rí èyí.

Ní oṣù Karùn-ún 1974 a kéde iye náà: mílíọ̀nù 79.8. Ti 1963 jẹ́ mílíọ̀nù 55.7. Àríwá nìkan ti kúrò ní mílíọ̀nù 29.8 sí 51.4, ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìlàjẹ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, dín kù. Awólọ́wọ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn kọ̀ ọ́. Nígbà tí Murtala Muhammed gba ìjọba ní oṣù Keje 1975, ó fagi lé gbogbo rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìlú, a sì padà sí iye ti 1963.

N kò rí ìdí láti ka èrú sí Adémọ́lá lọ́rùn. Ní ilé-ẹjọ́, adájọ́ a máa gbọ́ ẹ̀rí láti ìhà méjèèjì. Nínú ìkànìyàn, ìhà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹlẹ́rìí wà, ìhà pé kí tiwa pọ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní 1993. Kí ó tó kú, a tún ka Nàìjíríà ní 1991, iye tí a sì kọ́kọ́ kéde ní ọdún tí ó tẹ̀lé e jẹ́ mílíọ̀nù 88.5, kò tilẹ̀ fi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ju ti 1973 lọ lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún.