Àjàyí Crowther àti Oko Tó Kú ní Lọ́kọ́jà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá ti dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, Bíbélì Yorùbá ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa ń lọ sí. Àwa tí wọ́n bí sí Òkè Ọya, tí a sì ń kàwé ní Lọ́kọ́jà níhìn-ín, ọ̀ràn owó rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Òṣogùn ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó di ará Sàró, ó sì kàwé níbẹ̀.

Ní 1841, ó bá àwọn Òyìnbó wọkọ̀ gòkè odò Ọya. Níbi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núé, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ìgalà, wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀. Èrò wọn ni pé bí àwọn ènìyàn bá rí èrè nínú òwú, wọn yóò pa òwò ẹrú tì. Èrò náà dára, àbí? Ṣùgbọ́n ìlú Òyìnbó ni owó oṣù ti ń wá, ibẹ̀ náà ni irinṣẹ́ ti ń wá. Ibà pa Òyìnbó tó ju 40 lọ nínú ìrìn àjò náà. Nígbà tó di 1842, ọkọ̀ padà wá kó àwọn tó kù lóko. Kò tó ọdún kan!

Ó jọ pé ẹ̀kọ́ náà yé Àjàyí. Ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn 1850, ó wà lára àwọn tó ń gba àgbẹ̀ níyànjú láti gbin òwú sóko ara wọn, kí wọ́n sì tà á fún Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester. Àgbẹ̀ ló loko, àgbẹ̀ ló lèrè.

Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tí ọba Bonny bẹ̀ ẹ́ fún olùkọ́, ọba àti àwọn ìjòyè gbà láti san ìdajì owó iṣẹ́ náà. Lóòótọ́, epo pupa ti sọ Bonny di ọlọ́rọ̀. Lọ́kọ́jà kò rí irú rẹ̀.

Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì dé. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣòwò, wọ́n sì lé púpọ̀ nínú wọn. Bàbá tó ti ju ẹni 80 ọdún lọ fi ìgbìmọ̀ ìṣúná sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891.

Ní 1892, àwọn ìjọ Bonny àti agbègbè rẹ̀ dá dúró, wọ́n ń fi owó ara wọn bọ́ àlùfáà wọn, Dandeson ọmọ rẹ̀ sì ni olórí wọn. Owó iṣẹ́ Lọ́kọ́jà ṣì ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá.